Ògiri Tó Kọjú sí Ilé Yìnyín

Nígbà tí Dákẹ́ gun àkàbà lẹ́ẹ̀kejì láàárín oṣù méjì, láti tú ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn mọ́ ògiri, ó sọ òòlù sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú ògiri náà. Èébú gidi ni, kì í ṣe eré. Ó ní ògiri oníranù, ògiri aláìníláárí, ògiri tí wọ́n ní kó ya ilé méjì sọ́tọ̀, tó wá sọ ara rẹ̀ di ọ̀nà tí ariwo ń gbà wọlé. Àǹtí Kékeré, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń bá bàbá náà tọ́jú ilé, ló di àkàbà mú nísàlẹ̀. Ó bi í pé ṣé ògiri náà ló gba ọkọ rẹ̀ ni. Àǹtí Kékeré lẹ́bi nínú ọ̀rọ̀ náà, bí ẹ ó ṣe gbọ́, ó kàn fẹ́ fi àwàdà yẹ̀ ẹ́ ni. Dákẹ́ ò rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá gbé bàbá wọn kúrò nílé yẹn, ariwo sì wà níbẹ̀, ó ń kùn bó ṣe ń kùn látọjọ́ tó ti dé.

Dákẹ́ kọ́ lorúkọ tí òbí rẹ̀ sọ ọ́ o. Ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti fún un. Mítà kékeré kan wà tó fi ń wọn bí ariwo ṣe pọ̀ tó, kò sì sí ibi tí obìnrin yìí ń lọ tí kì í gbé e dání. Tó bá ti yọ ọ́ jáde, "ẹ dákẹ́" ló máa kọ́kọ́ sọ, ì báà jẹ́ ọ̀gá ló ń bá wí. Wọ́n ní ó yọ ọ́ níbi ìgbéyàwó ara rẹ̀, ó ní kí àwọn àlejò dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ti kọjá ààlà. Ọkọ rẹ̀ ní irọ́ ni wọ́n ń pa, àmọ́ kò jiyàn púpọ̀ lórí ẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ fóòmù ló ti ń ṣiṣẹ́. Níwájú, fóòmù ìbùsùn ni wọ́n ń gé. Lẹ́yìn, nínú yàrá kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi, òun àti ọ̀gá rẹ̀ ń ṣe irú èyí tó ń gbé ariwo mì. Ẹ má rò pé fóòmù kan náà ni. Fóòmù lásán, ariwo tó ń han gooro ló mọ̀ ọ́n gbà: igbe ọmọdé, aago, ṣíbí tó bọ́ sílẹ̀. Ariwo tó ń kùn nísàlẹ̀, èyí tó máa ń mi èèyàn láyà, á gba inú fóòmù kọjá bí onílé tó ń ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi òwú kan sí i láàárín, òwú tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀ ń pè ní nánò. Wọ́n á yọ́ ike sínú omi kẹ́míkà, wọ́n á fà á sínú abẹ́rẹ́, wọ́n á wá gbé iná mànàmáná tó lágbára sí i. Iná yẹn ni yóò fà á jáde lẹ́nu abẹ́rẹ́, tí yóò di òwú tó tín-ín-rín débi pé tóo bá gbé irun orí tì í, irun orí á dà bí okùn tí wọ́n fi ń fa mọ́tò. Òwú náà á máa fò lọ sórí rólà tó ń yí, á máa dà lé ara rẹ̀ lórí, títí yóò fi di awẹ́ funfun kan tí èémí lásán lè gbé lọ. Ọ̀gá máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé ariwo tó bá kó sáàárín òwú yẹn dà bí àlejò tí wọ́n ní kó bá gbogbo ará ilé bọ ọwọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kó tó kí ẹgbẹ̀rún èèyàn tán, ó ti rẹ̀ ẹ́, kò lókun tó máa fi jáde lódì kejì mọ́.

Òfin kan wà ní yàrá yẹn tí ọ̀gá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sára ògiri: etí ń purọ́, mítà kì í purọ́. Tóo bá wọlé tóo ní ó jọ pé ariwo ti dínkù, wọ́n á bi ọ́ pé kí ni mítà sọ. Bí oníbàárà bá wá ṣàròyé, wọn kì í jókòó ti ìtàn tó bá ń rò. Wọ́n á gbé mítà lọ sí yàrá rẹ̀, nọ́ńbà tó bá jáde ni wọ́n á bá ṣiṣẹ́. Dákẹ́ fẹ́ràn òfin yìí gan-an. Ó ti gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ aláròyé.

Bàbá rẹ̀ ní tiẹ̀, ilé-iṣẹ́ aṣọ ló ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, láàárín àwọn ẹ̀rọ ìhunṣọ tí wọ́n tò ní ìlà ìlà. Tóo bá fẹ́ bá ẹni tó dúró tì ọ́ sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ọwọ́ lo máa fi júwe. Inú iṣẹ́ yẹn ló ti kọ́ ilé oníyàrá mẹ́ta, búlọ́ọ̀kù lórí búlọ́ọ̀kù. Ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ ti tọ́ ọmọ méjì, ibẹ̀ náà ló kú sí. Lọ́dún tó tẹ̀lé èyí tí Bàbá fẹ̀yìn tì, wọ́n kọ́ ilé yìnyín kan sẹ́yìn ògiri yàrá rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń mú omi dì kì í sinmi níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ ti gbà á kóo tó ṣẹ́jú, torí yìnyín kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ariwo ò jẹ́ kóun sùn. Wọ́n kọ́kọ́ pè é ní àròyé àgbà. Nígbà tó yá, ó ń fi tówẹ̀lì di orí sùn. Ojú rẹ̀ jìn, ara rẹ̀ fà, ṣòkòtò tó ń fún un tẹ́lẹ̀ wá ń wá bẹ́líìtì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ bá máníjà ilé yìnyín jà. Máníjà náà, ọmọ dáadáa tó mọ àgbà í bọ̀wọ̀ fún, bẹ̀bẹ̀ títí, ó gbé rọ́bà sábẹ́ ẹ̀rọ, ó tún fi yìnyín ránṣẹ́ sí i. Bàbá dá yìnyín náà padà, ó ní kí wọ́n lọ fi bọ́jú.

Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀gbọ́n Dákẹ́ ọkùnrin tó jẹ́ àkọ́bí, ló wá sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Ìlú míì ló ń gbé, ìrìn ààbọ̀ ọjọ́, ládùúgbò kan tó tòrò. Ó ní òun ń bọ̀ wá gbé Bàbá sọ́dọ̀, ayálégbé á wọ inú ilé. Èèyàn tí kì í yí ọ̀rọ̀ padà ni. Bàbá ò bá a jiyàn, àmọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ó pe Dákẹ́ lórí fóònù. Kò bèèrè ọkọ, kò bèèrè iṣẹ́.

"Ìwọ lo mọ iṣẹ́ ariwo," ó ní. "Má jẹ́ kí wọ́n gbé mi kúrò nílé mi."

Bàbá yẹn ò bẹ Dákẹ́ fún ohunkóhun rí láyé. Ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn. Ó ní kó fọkàn balẹ̀, kò sí ibi tó ń lọ. Ó pe Bọ̀ọ̀dá, ó jà, ó bẹ̀bẹ̀, ó gba oṣù méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá ní kò burú, tí ariwo bá ti lọ kí oṣù méjì tó pé, Bàbá ò kúrò mọ́. Tí kò bá lọ, Sátidé tó bá tẹ̀ lé e, òun ń bọ̀.

Oṣù méjì, ẹ̀yin èèyàn! Kí ni wọ́n ń pè ní oṣù méjì?

Fóòmù lásán ló kọ́kọ́ gbé wá. Kì í ṣe pé kò mọ̀ pé kò ní tó, ìwàǹwara ló mú un. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri láti òkè délẹ̀. Yàrá náà wá ki, bí Bàbá bá húkọ́, á dà bí ìgbà tí wọ́n já ikọ́ náà gbà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rọ yìnyín ńkọ́? Ó wà níbẹ̀ digbí. Kó tó lẹ fóòmù, méjìlélọ́gọ́ta ni mítà kà. Lẹ́yìn tó lẹ̀ ẹ́ tán, ó ka mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Bọ̀ọ̀dá pè é, ó ní òun gbọ́ pé ó ti sọ yàrá Bàbá di bẹ́ẹ̀dì, ṣé kóun máa mú bẹ́ẹ̀díṣíìtì bọ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín. Dákẹ́ ò rí ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Ó lọ bá máníjà ilé yìnyín pé kó jọ̀ọ́ pa ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, kóun lè mọ iye tí mítà máa kà nígbà tí kò bá sí ariwo. Máníjà ní àǹtí, tó bá ṣe ìyá òun gan-an ló wá bẹ irú ẹ̀bẹ̀ yìí, òun ò lè pa á, wọ́n á lé òun ni. Dákẹ́ padà sílé pẹ̀lú mítà rẹ̀ lọ́wọ́, inú ń bí i sí máníjà, inú ń bí i sí yìnyín, inú tún ń bí i sí gbogbo ẹni tó ń mu omi tútù.

Níbi iṣẹ́, ó ní kí ọ̀gá jẹ́ kóun máa lo ẹ̀rọ òwú tí wọ́n bá ti ṣíwọ́. Ọ̀gá gbà. Òjò ni kò gbà. Òwú yìí ò fẹ́ràn ọ̀rinrin rárá. Tí afẹ́fẹ́ bá ti tutù, dípò kó fà gbọọrọ, á máa ṣe kókó kókó, á máa kán tó tó tó sórí rólà bí imú ọmọdé. Òjò wá rọ̀ lásìkò yẹn bí ẹni pé wọ́n gbé kọ́ńtíráàtì ẹ̀ fún un. Dákẹ́ á ṣe awẹ́ kan tán, á rí i pé ó ti bàjẹ́, á ká a dànù, á tún bẹ̀rẹ̀. Ó ti fèrèsé, ó fi aṣọ di ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ó tan iná tó ń mú ilé gbóná, ó ń làágùn bí ẹni ń gbẹ́ kànga. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò kó tó rí pátákó méjìlá ṣe: fóòmù lókè, fóòmù nísàlẹ̀, òwú nánò ní ìpele mẹ́rin láàárín, aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lójú ẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní ká ní ariwo lòun ni, bóyá wọn ì bá máa ríra wọn.

Ó tú fóòmù àkọ́kọ́ kúrò, ó kó pátákó wá, ó kàn wọ́n, ó yọ mítà. Méjìdínláàádọ́ta. Kò tíì dáa tó, àmọ́ ọ̀nà ti là. Fún ìgbà àkọ́kọ́ inú rẹ̀ dùn. Ó ní òun á padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ láti wá parí ẹ̀, ó lọ síbi iṣẹ́, ó tiẹ̀ ń kọrin.

Nígbà tó padà dé, ó gbé mítà sáàárín yàrá, ó ka mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Ó gbọn mítà. Ó tún un kà. Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Ó pààrọ̀ bátìrì, ó tún un kà, nǹkan kan náà. Ó wá sún mọ́ ògiri, ó fọwọ́ kan pátákó, ọwọ́ rẹ̀ yọ̀. Pátákó tó fi sílẹ̀ ní funfun, tó rọ̀, ti di àwọ̀ ewé. Ó le, ó ń dán, ó sì ń rùn fún ọ̀dà.

Àǹtí Kékeré fayọ̀ wọlé, ó ní ṣé ó ti rí i, ṣé kò wuyì. Ó ní nǹkan funfun ń gba eruku, àwọn ẹlẹgbẹ́ Bàbá nílé-iṣẹ́ aṣọ sì wá kí i, ojú ń ti òun. Ẹ̀ẹ̀mejì lòun kùn ún, kó lè dúró pẹ́.

Ẹ dákun, kí lẹ máa sọ fún irú èèyàn bẹ́ẹ̀? Gbogbo ọgbọ́n tó wà lára pátákó yẹn, inú àwọn ihò wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ ló wà. Ariwo gbọ́dọ̀ ríbi wọlé kó tó lè há síbẹ̀. Ọ̀dà olóròóró ti di gbogbo ihò pa, ó sọ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta di ògiri míì lásán. Dákẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹkún ìbínú gbọ̀n ọ́n. Ó ní àǹtí òun ti ba òun láyé jẹ́. Inú bí Àǹtí Kékeré náà. Ó ní òun tóun fi ẹsẹ̀ tó ń ro òun dúró lórí àga láàárọ̀ títí di ọ̀sán, ta ló sọ fóun pé fóòmù ò gbọdọ̀ wọṣọ? Òótọ́ sì ni, Dákẹ́ ò sọ fún un.

Ibẹ̀ la ti bá a lórí àkàbà, tó ń bú ògiri.

Ọ̀gá gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀dà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó fa pátákó tí wọ́n ṣe sílẹ̀ fún oníbàárà ńlá kan jáde, ó ní kí Dákẹ́ máa kó o lọ. Ó ní oníbàárà á dúró, bàbá ẹni ò ṣeé dá dúró. Ó wá rán an létí ohun tí òun fúnra ẹ̀ ti fi kọ́ ọmọ iṣẹ́ ẹgbẹ̀rún: pé kí nǹkan gba ariwo mọ́ra yàtọ̀ sí kó dínà mọ́ ọn. Ohun fífúyẹ́ tó ní ihò ló ń gbà á mọ́ra, ohun wíwúwo ló ń dínà mọ́ ọn, ibi tí afẹ́fẹ́ bá sì ti lè gbà, ariwo náà á gbabẹ̀. Dákẹ́ mọ gbogbo ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó kàn ti ń fi ìkánjú ṣe é ni.

Lọ́tẹ̀ yìí, ó ṣe é bó ṣe yẹ. Ó gbé férémù igi dúró síwájú ògiri, ó fi àyè ìka mẹ́rin sílẹ̀ láàárín wọn. Ó kan rọ́bà wíwúwo mọ́ férémù, ó kan pátákó òwú lé rọ́bà. Ó fi gíláàsì kejì sí fèrèsé, ó fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ yí ẹnu fèrèsé àti ilẹ̀kùn ká. Ó dùn ún gbọ́ lẹ́nu, àbí? Igi àkọ́kọ́ kúrú. Rọ́bà já lu Dákẹ́ léjìká, apá rẹ̀ wú. Gọ́ọ̀mù kọ̀ kò gbẹ. Àǹtí Kékeré, tó ń wá bó ṣe máa ṣàtúnṣe, ń po gọ́ọ̀mù, ó ń kó ìṣó sẹ́nu bí gbẹ́nàgbẹ́nà, ó ń sọ pé ẹni bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Dákẹ́ ní oyin dà? Látìgbà tóun ti bẹ̀rẹ̀, àáké nìkan lòun ń rí.

Bàbá máa ń wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa wò wọ́n. Lọ́jọ́ kejì, ó mú awẹ́ òwú kan tó ṣẹ́kù, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ó fà á díẹ̀ bí ẹni ń dán aṣọ wò. Ó bèèrè ẹni tó hun ún. Dákẹ́ ṣàlàyé fún un pé wọn kì í hun ún, fúnra ẹ̀ ló ń dà lé ara rẹ̀ lórí. Bàbá mi orí. Ó ní òwú tí kò mọ òró, tí kò mọ ìbú, tó sì lágbára tó báyìí, ayé ti yí. Ó bi í bí rólà ṣe ń yára tó, ó bi í bóyá òwú máa ń já, ó sì gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ bí òṣìṣẹ́ ṣe ń gbọ́ ti òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Inú Dákẹ́ dùn sí ìbéèrè wọ̀nyẹn ju bó ṣe máa jẹ́wọ́ lọ.

Ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán Fúráìdè, iṣẹ́ parí. Dákẹ́ ní kí Bàbá jókòó sórí ibùsùn rẹ̀, ó ní kí Àǹtí Kékeré bọ́ síta, ó ti ilẹ̀kùn. Rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn fún ara rẹ̀ pọ̀. Ó tẹ mítà. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó tún un tẹ̀. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Kò tíì ṣe iṣẹ́ kankan rí láyé tí mítà ka irú ẹ̀. Ó ń gbọ́ bí apá aṣọ rẹ̀ ṣe ń fara kan ìhà rẹ̀, ó ń gbọ́ bí Bàbá ṣe ń mí. Ẹ̀rọ yìnyín ti lọ ráúráú. Ayọ̀ kún un, ó ṣáà dúró pé kí Bàbá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ná. Ó fẹ́ kó yin òun. Ojú ò tì í láti fẹ́ ẹ.

Bàbá gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì.

"Ó ṣì ń dún," ó ní.

Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀. Inú bí Dákẹ́. Ó na mítà sí i pé kó wo nọ́ńbà, Bàbá ò wò ó. Ó ní kò dún, kò sí ohun tó ń dún, etí ló ń purọ́. Ó ka gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ fún un: òjò, òwú tó dànù, ọ̀dà, apá tó wú, ọkọ tí kì í rí i nílé, oníbàárà tí wọ́n gba nǹkan ẹ̀. Ó wá sọ ohun tí ọmọ kì í sọ fún bàbá. "Ẹ̀yin lẹ ò fẹ́ kó dákẹ́, Bàámi. Ẹ kàn ń wá ẹni tẹ́ ẹ máa bá jà ni." Bó ṣe sọ ọ́ tán ló ti dùn ún, àmọ́ ó ti jáde lẹ́nu.

Bàbá jẹ́ kó sọ gbogbo ẹ̀ tán. Kò bínú. Ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ ba Dákẹ́ lẹ́rù.

"Ti ẹ̀yìn ògiri ti lọ," ó ní. "O ṣeun. Èyí tó kù ni mò ń sọ."

Dákẹ́ bi í pé báwo ni èyí tó kù ṣe ń dún. Bàbá fún ètè pọ̀, ó gba àárín eyín fẹ́ ohùn kan jáde, fíììì, ohùn tín-ín-rín tó lọ sókè tí kò sì sọ̀ kalẹ̀, bí ìgbà tí kẹ́tùrù fẹ́ hó. Dákẹ́ mọ iṣẹ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa ṣàlàyé èyí fún un. Ẹ̀rọ yìnyín ń kùn nísàlẹ̀ ni, kì í súfèé. Ká ní láti ẹ̀yìn ògiri ni irú ohùn yìí ti ń wá ni, fóòmù lásán tó kọ́kọ́ lẹ̀ ni ì bá gbé e mì lọ́jọ́ kìíní.

Bàbá ní ohùn àwọn ẹ̀rọ ìhunṣọ àwọn nìyẹn, tí gbogbo ìlà bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Láyé ìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni ò fún wọn ní ohun tí wọ́n á fi bo etí. Wọ́n á ṣa èérún òwú nílẹ̀, wọ́n á yí i róbótó, wọ́n á tì í bọ etí, tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á jù ú nù. Ó ní òun rò pé òun ti fi ohùn náà sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí òun fẹ̀yìn tì, tóun bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ nǹkan, àwọn oníyìnyín ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kí ni èèyàn ì bá tún rò? Lójoojúmọ́ lòun ń tì í sí wọn lọ́rùn. Nísinsìnyí tí wọ́n ti lọ, òun ò rẹ́ni tóun máa tì í sí mọ́. Ó ní òun ti bú ọmọ ilé yìnyín yẹn jù.

Dákẹ́ wo mítà ọwọ́ rẹ̀. Ó ti wọn ògiri, ó ti wọn fèrèsé, ó ti wọn ilẹ̀kùn àti àjà. Ó ti bá bàbá yìí sọ̀rọ̀ òwú, ó bá a sọ̀rọ̀ rọ́bà. Oṣù méjì gbáko, kò bi í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé, Bàámi, kí lẹ ń gbọ́? Ìtìjú mú un, ìbínú ò sì tíì lọ.

Bàbá ń wo pátákó tó yí i ká. Ó fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀.

"Ṣé ẹ ní èyí tí wọ́n ń fi sí inú?"

"A ò ní, Bàámi."

Bàbá mi orí pé òun ti gbọ́, bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ọjà tó wá rà ti tán. Ó wá ní kó bá òun ṣí fèrèsé. Ó ní ariwo àwọn oníyìnyín, bó ti wulẹ̀ burú tó, ó máa ń bo ti inú etí òun mọ́lẹ̀ díẹ̀. Ibí yìí ti dákẹ́ jù, òun ò rí nǹkan míì gbọ́.

Dákẹ́ mú ọ̀bẹ, ó rẹ́ rọ́bà tó lẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ yẹn. Gọ́ọ̀mù ẹ̀ ò tíì gbẹ, ó ń lẹ̀ mọ́ ọn níka. Ó gbé gíláàsì kejì kúrò, ó ṣí fèrèsé gbayawu. Ariwo ẹ̀rọ yìnyín wọlé, ó kún yàrá. Bàbá mí kanlẹ̀, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó pa ojú dé.

Fóònù dún. Dákẹ́ gbé e jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bọ̀ọ̀dá ni. Ó ní òun ti fẹ́ táyà, òun ti ra epo, ìdájí lòun máa gbéra. Kó sọ fóun ní ẹ̀ẹ̀kan, ṣé ariwo ti lọ àbí kò lọ?

Ó ti tó oṣù méjì tí Dákẹ́ ti ń ro bó ṣe máa sọ gbólóhùn yìí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bó ṣe máa fi yangàn, bó ṣe máa fi gbẹ̀san bẹ́ẹ̀díṣíìtì. Nígbà tó wá sọ ọ́, kò sí adùn kankan níbẹ̀.

"Ẹ má wulẹ̀ wá, Bọ̀ọ̀dá."

Bọ̀ọ̀dá pariwo lórí fóònù, ó ní ó borí òun nìyẹn, ó kí i kú iṣẹ́, ó ní ìyá wọn ì bá rí i. Dákẹ́ ní rárá, kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní yàrá ti dákẹ́, Bàbá ni kò dákẹ́. Inú etí rẹ̀ ló wà, ilé-iṣẹ́ aṣọ ló ti gbé e bọ̀, wọ́n máa wá dókítà etí lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bọ̀ọ̀dá ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìdí tó fi yẹ kóun wá gbé e náà nìyẹn, ṣebí kò sí ariwo kankan rárá lọ́dọ̀ òun.

"Ohun tí mò ń sọ nìyẹn," Dákẹ́ ní. "Ọ̀dọ̀ yín ti dákẹ́ jù fún un."